Nígbà tí Akọ Ajá Bá Gun Ọmọ Ìyá Rẹ̀: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe Láti Wákàtí Kìíní Títí Dé Ọjọ́ Ìbí

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ajá fún ṣíṣọ́ ilé máa ń mú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, akọ kan, abo kan, láti inú ìbí kan ṣoṣo. Wọ́n dùn-ún wò nígbà tí wọ́n kéré. Ohun tí ẹni tó tà wọ́n kì í sọ ni pé akọ yẹn lè fún abo lóyún láti nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, abo náà sì lè wọ hííti (ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀, tó sì ń gba akọ) ní oṣù mẹ́fà. Ilẹ̀ ọjọ́ kan á kàn mọ́, ẹ ó bá wọn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn táǹkì omi. Ajá kò mọ ọmọ ìyá, kò mọ bàbá. Òórùn abo tó wà ní hííti ni ó mọ̀.

Ewu méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ń ṣèpalára fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ orí kékeré ń ṣèpalára fún ìyá. Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù àkọ́kọ́, wọ́n á máa bi ara wọn bóyá ọmọ á ní orí méjì, nígbà tó jẹ́ pé èkejì ló sábà máa ń gbé ajá lọ sí orí tábìlì iṣẹ́ abẹ lóru.

Wákàtí kìíní: ẹ má fà wọ́n ya

Tí ẹ bá bá wọn níbi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, ẹ gbé omi sílẹ̀, ẹ gbé igi sílẹ̀. Kókó kan wà nídìí nǹkan ọmọkùnrin ajá tó máa ń wú lẹ́yìn tó bá ti wọ inú abo. Òun ló dè wọ́n mọ́ra. Tí ẹ bá fà wọ́n, ó lè ya abo, ó lè ya akọ, kò sì ní dá oyún dúró, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ni àtọ̀ tó ṣe pàtàkì ti jáde. Ìṣẹ́jú 5 sí 30 ni wọ́n sábà máa ń fi wà bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn ó lè fẹ́ẹ̀ tó wákàtí kan. Ẹ di orí abo mú jẹ́jẹ́ kó má baà sáré tàbí kó yí ara rẹ̀ nílẹ̀, ẹ lé àwọn ọmọdé tó ń pariwo kúrò, kí ẹ sì dúró.

Tí wọ́n bá ti túra, ẹ ti ọ̀kan mọ́lé. Ẹ má fi omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí omi apakòkòrò fọ inú abo. Àtọ̀ ti kọjá sínú ilé ọmọ, ibi tí omi tí ẹ ń dà kò lè dé. Egbò nìkan ni ẹ ó fi ṣe. Ẹ má sì fi ọkàn balẹ̀ nítorí pé ẹ kò rí i kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra: abo máa ń lóyún láìlẹ̀ pàápàá.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé. Ohun tí dókítà ẹranko máa kọ́kọ́ bi yín nìwọ̀nyí, tí ẹ bá sì dúró dé ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ó ti gbàgbé:

- ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ lára abo;
- ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n gùn, àti gbogbo ìgbà tó tún ṣẹlẹ̀;
- akọ wo ni, báwo ló ṣe bá abo tan, báwo ló sì ṣe tóbi sí i;
- ọjọ́ orí abo, àti ìwọ̀n rẹ̀ ní kìló. Tí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n ẹran, ẹ gbé e dání gun òṣùwọ̀n ti ènìyàn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ tún gun òṣùwọ̀n ẹ̀yin nìkan, kí ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá.

Ẹ má tú abo sílẹ̀ nítorí pé “ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.” Hííti máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 9 àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ á pupa, abo á máa lé akọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó ń jáde á ṣì bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran, abo á sì dúró, á yí ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà yìí gan-an ló lè lóyún jù, ìgbà yìí náà ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń sọ pé “ẹ̀jẹ̀ ti dá” tí wọ́n á sì ṣí kéèjì. Bí akọ mìíràn bá tún gùn ún, bàbá méjì lè ní ọmọ nínú oyún kan ṣoṣo. Ẹ kò ní mọ ti ta ni èwo.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ọjọ́ tí wọ́n gùn kò tíì tó ọjọ́ oyún, ẹ má gbà á gbọ́. Àtọ̀ ajá lè wà láàyè nínú abo fún ọjọ́ 5 sí 7, ẹyin abo náà sì máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbó lẹ́yìn tó bá jáde. Àtọ̀ á kàn jókòó dè é ni.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ kan náà ń ṣe

Ẹni tó bá ti ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kó tó gbéyàwó ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. AS kì í ṣàìsàn, ṣùgbọ́n tí AS bá fẹ́ AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ajá náà ní irú àbùdá bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan: ajá tó dá ṣáká lè gbé oríṣiríṣi wọn kiri lára, èyí tó ń ba ojú jẹ́, èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́, láìsí àmì kankan. Ajá méjì tí kò bá ara wọn tan kì í sábà gbé irú kan náà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n máa ń gbé irú kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká ní bàbá àwọn ajá méjèèjì gbé àbùdá burúkú kan ṣoṣo. Akọ ní ìdajì àǹfààní láti jogún rẹ̀, abo náà ní ìdajì. Pé kí àwọn méjèèjì jogún rẹ̀ papọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí wọ́n bá jogún rẹ̀ papọ̀, ọmọ wọn kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti ṣàìsàn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 16 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, lórí àbùdá kan ṣoṣo. Ẹ wá fi gbogbo àbùdá burúkú tí bàbá gbé àti èyí tí ìyá gbé kún un, ẹ ó rí bí ewu náà ṣe ń ga.

Àwọn tó ń sin ajá ní òǹkà tí wọ́n fi ń wọn ìbátan ẹ̀jẹ̀ yìí lára ọmọ. Ọmọ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ bàbá pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ìyá pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀: 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo wọn. Ọmọ àwọn tó jẹ́ bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: 12.5. Ọmọ bàbá àgbà pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀: 12.5 bákan náà. Tí ẹ bá tún jẹ́ kí ọmọ tẹ̀gbọ́n tàbúrò gun ara wọn, á di 37.5. Ẹ rántí pé kíka ìyá àti bàbá nìkan ni èyí. Tí àwọn òbí wọn fúnra wọn bá ti bá ara wọn tan tẹ́lẹ̀ (ó sì wọ́pọ̀, nítorí pé akọ kan tó gbayì ládùúgbò lè ti gun ogún abo), òǹkà náà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ẹ ó wá rí? Àwọn ọmọ lè má pọ̀. Òkú ọmọ lè wà nínú wọn, tàbí kí wọ́n kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ láìsí ìdí tó hàn. Àjà ẹnu lè là, ìdodo lè yọ síta, ihò ìdí lè má sí, ọkàn lè má pé, ẹpọ̀n kan lè má sọ̀ kalẹ̀. Ara tó ń gbógun ti àìsàn lè má lágbára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà á dára lójú, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tàn wà. Ìbàdí Alsatian tàbí Boerboel tí kò jókòó dáadáa kì í hàn lọ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ń tà á. Oṣù kẹjọ sí ọdún kìíní ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Kíndìnrín Lhasa lè má fi ara hàn títí tó fi pé ọdún kan tàbí méjì. Ojú tó ń kú díẹ̀díẹ̀ lè dúró di ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó máa kọlu àga lálẹ́.

Ajá ìbílẹ̀ ńkọ́? Tí wọ́n bá ń rìn káàkiri, ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń dàpọ̀ dáadáa, ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ wọn fi le. Tí ẹ bá ti akọ àti abo tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá mọ́ inú ọgbà kan, 25 náà ló máa jẹ́. Ìṣirò kò mọ ajá olówó ńlá.

Ìyá tó ṣì jẹ́ ọmọ

Ajá kékeré bíi Lhasa máa ń dàgbà tán ní oṣù 10 sí 12. Àwọn ajá ńlá lè dàgbà dé oṣù 18 tàbí ọdún méjì. Abo tó lóyún ní oṣù mẹ́fà tàbí méje ṣì ń kọ́ egungun ara rẹ̀ lọ́wọ́. Oúnjẹ kan náà ni òun àti ọmọ inú rẹ̀ ń pín, ọmọ ló sì sábà máa ń gba tirẹ̀ ṣáájú. Egungun ìbàdí rẹ̀ kò tíì fẹ̀ tó, ọmọ lè há, pàápàá tí akọ bá tóbi jù ú lọ tàbí tó bá jẹ́ pé ọmọ kan tàbí méjì péré ló wà nínú oyún, nítorí ọmọ tó kéré níye máa ń tóbi. Lẹ́yìn ìbí, ó lè má mọ ohun tó yẹ kó ṣe: ó lè má já okùn ìdodo, ó lè dìde fi ọmọ sílẹ̀, ó lè jókòó lé wọn lórí, ó lè jẹ wọ́n. Omi ọyàn rẹ̀ lè má tó. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi í jẹ́ kí wọ́n gun abo ní hííti àkọ́kọ́. Hííti kejì tàbí ìkẹta, tó bá ti tó oṣù 18 sí ọdún méjì, ni.

Ẹ pinnu kí oyún tó di ọjọ́ 30

Ẹ gbé abo lọ bá dókítà ẹranko láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má dúró kí ikùn kọ́kọ́ yọ. Ọ̀nà tó wà nìwọ̀nyí.

Èkíní ni yíyọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin pátápátá. Fún abo kékeré tí ẹ kò fẹ́ kó bímọ láéláé, èyí ló dára jù: ó parí oyún náà, ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀, kò sì ní jẹ́ kí ọyún gbà nínú ilé ọmọ lọ́jọ́ iwájú. Lásìkò hííti, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ máa ń wú, nítorí náà ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ní kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tó bá parí. Oyún ṣì kéré nígbà yẹn.

Èkejì ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní aglepristone. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gún un, wákàtí 24 láàárín, láti ìgbà tí wọ́n bá ti gùn títí dé nǹkan bí ọjọ́ 45. Ó máa ń dí ọ̀nà omi ara tó ń gbé oyún dúró. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ẹranko ló ní in, nítorí náà ẹ tètè pè kí ẹ béèrè. Ẹ padà lọ ṣe scan lẹ́yìn rẹ̀, torí pé abẹ́rẹ́ kan kò dájú bí iṣẹ́ abẹ.

Ìkẹta ni prostaglandin, abẹ́rẹ́ mìíràn tó ń ṣẹ́ oyún, tí wọ́n ń lò lẹ́yìn tí scan bá ti fi oyún hàn. Ó máa ń mú kó bì, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí itọ́ máa dà, nítorí náà ọwọ́ dókítà nìkan ló yẹ kó wà, ajá á sì dúró sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ díẹ̀.

Ìkẹrin ni pé kí ẹ fi oyún sílẹ̀. Tí abo bá ti súnmọ́ ọdún kan ààbọ̀, tí ara rẹ̀ le, tí akọ kò tóbi jù ú, èyí ṣeé ṣe. Tí ó bá jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́fà tàbí méje tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gùn, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má jẹ́ kí owó tí ẹ máa fi ta ọmọ wọ inú ìpinnu náà rárá. Owó iṣẹ́ abẹ kí ọmọ lè jáde lóru lè ju owó tí ẹ máa rí lórí gbogbo wọn lọ.

Abẹ́rẹ́ kan tún wà tí àwọn kan ṣì ń gún, tí wọ́n fi ẹ́sítírójìn ṣe. Ẹ kọ̀ ọ́. Ó lè ba mùdùnmúdùn inú egungun jẹ́ débi tí ara kò fi ní lè ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó sì lè mú kí ilé ọmọ gba ọyún. Káún, oògùn ìdènà oyún ti ènìyàn, àgbo tí ẹnikẹ́ni bá júwe: gbogbo ìyẹn lè ṣèpalára fún ajá láìṣẹ́ oyún náà.

Ṣé ó lóyún lóòótọ́?

Sítírípù tí obìnrin fi ń dán oyún wò kò lè sọ ohunkóhun nípa ajá. Ohun tí sítírípù yẹn ń wá kò sí lára ajá. Ọmú tó wú kì í ṣe ẹ̀rí náà, nítorí abo tí kò lóyún rárá lè ní ọmú, kó sun omi ọyàn, kó máa gbé bàtà káàkiri bí ọmọ, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn hííti. Scan ló dájú, láti ọjọ́ 25 sí 28. Dókítà tó mọwọ́ lè tẹ ikùn mọ̀ ọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 28 sí 30. Lẹ́yìn ọjọ́ 55, X-ray á fi iye egungun orí àti ẹ̀yìn hàn, kí ẹ lè mọ iye ọmọ tí ẹ ń retí. Ẹ má yọ X-ray yìí sílẹ̀ lára abo kékeré. Tí ẹ bá mọ̀ pé mẹ́rin ló wà, ẹ ó mọ̀ pé ẹyọ kan ṣì há sílẹ̀ tí mẹ́ta bá jáde.

Tí oyún bá dúró

Oyún ajá máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 63. Láti ọjọ́ gígùn, ó lè bọ́ sí ibikíbi láàárín ọjọ́ 58 sí 71.

Oúnjẹ: ẹ fún abo tó ṣì ń dàgbà ní oúnjẹ ọmọ ajá, kì í ṣe ti àgbà. Tí oúnjẹ ilé ni ẹ ń sè, ẹja tàbí ẹyin tàbí ẹran gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ kò lè kọ́ egungun. Ẹ má fi kún un ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ ju bó ṣe ń dàgbà lọ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ẹ ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀: tó bá ń jẹ agolo mẹ́rin lójúmọ́, kó máa lọ sí márùn-ún, kó tó mẹ́fà ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ẹ pín in sí ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí àwọn ọmọ ti fún ikùn mọ́ ọn lára.

Ẹ má fún un ní síróòpù kálísíọ́mù, ẹ má lọ èèpo ẹyin sínú oúnjẹ rẹ̀ nígbà oyún. Ìmọ̀ràn yìí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ara abo ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń fa kálísíọ́mù láti inú egungun nígbà tó bá nílò rẹ̀. Tí ẹ bá ń bu u fún un lójoojúmọ́, ẹ̀rọ yẹn á sùn. Tó bá wá bímọ, tí omi ọyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fa kálísíọ́mù lójijì, ẹ̀rọ náà kò ní tètè jí. Gìrì ló máa ń tẹ̀lé e; a máa tó dé orí ọ̀rọ̀ yẹn.

Oògùn: kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára alààyè (èyí tí kòkòrò àìsàn inú rẹ̀ ṣì wà láàyè) nígbà oyún. Ẹ yẹra fún tetracycline àti doxycycline, tí àwọn kan máa ń rà lórí káńtà fún ibà eégbọn, torí pé ó ń ba egungun àti eyín ọmọ inú jẹ́. Ẹ má fi oògùn aràn màlúù ṣe nǹkan kan. Aràn máa ń kọjá láti ara ìyá sára ọmọ inú oyún, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa oògùn aràn tó ń jẹ́ fenbendazole láti ọjọ́ 40.

Ní ọjọ́ 50, ẹ ti ṣètò ibi tó máa bí sí: àpótí tó gùn ju ara rẹ̀ lọ nígbà tó bá na ẹsẹ̀, etí rẹ̀ ga tó kí ọmọ má baà yí jáde, kúrò lójú afẹ́fẹ́ àti òjò, jìnnà sí akọ.

Ọjọ́ ìbí

Láti ọjọ́ 57, ẹ máa fi tẹmọ́mítà wọn ara rẹ̀ nínú ihò ìdí láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó máa ń wà láàárín 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá já sí nǹkan bí 37, ìrọbí á sábà bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24. Á máa gbọ̀n, á máa họ ilẹ̀, kò ní jẹun. Èyí lè gba wákàtí 6 sí 12, ó sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lára èyí tó ń bí àkọ́bí. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á jáde pẹ̀lú àpò rẹ̀; tí ìyá kò bá ya á láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ ya á níbi imú, ẹ nu ẹnu ọmọ, ẹ fi aṣọ gbígbẹ ra á lára títí tó fi ké.

Ẹ ti fi nọ́ńbà dókítà sórí fóònù. Ẹ pè é lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dè àárọ̀, tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- ó ti ń tẹ̀ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, ọmọ kò sì jáde;
- wákàtí méjì ti kọjá lẹ́yìn ọmọ kan, ẹ sì mọ̀ pé òmíràn ṣì wà;
- omi aláwọ̀ ewé tó dúdú ń jáde, ọmọ kankan kò sì tíì jáde;
- ìdí tàbí orí ọmọ yọ, ó há;
- wákàtí 24 ti kọjá lẹ́yìn tí ara já sí 37, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní oxytocin nílé “kó lè yára.” Tí ọmọ bá há sínú ìbàdí tóóró, ńṣe ni abẹ́rẹ́ yẹn á máa ti ilé ọmọ lu ohun tí kò lè kọjá, ilé ọmọ sì lè fà ya. Ìbàdí tóóró ni tirẹ̀. Ìyẹn ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé.

Kí ẹ yẹ ọmọ wò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ ti ìka kékeré bọ ẹnu ọmọ, ẹ fi ra àjà ẹnu rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó yẹ kó dán. Tí ìka bá bọ́ sínú ihò, àjà ti là nìyẹn. Tó bá mu ọmú, omi ọyàn á tún imú jáde, ó sì lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ yí ìdí rẹ̀ wò, kí ihò wà níbẹ̀. Ẹ wo ìdodo, ẹ ka ẹsẹ̀, ẹ wo bóyá ó ń fà mọ́ ọmú tàbí ó kàn ń ké. Kí gbogbo wọn ti mu omi ọyàn àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 12. Ìyẹn ni àbò tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ìyá.

Ẹ wọn wọ́n lójoojúmọ́ lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ní wákàtí kan náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n ọmọ yẹ kó di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ 7 sí 10. Èyí tí kò bá wúwo sí i fún odidi ọjọ́ kan nílò ìrànlọ́wọ́ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ajá kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Kí inú àpótí wà ní nǹkan bí 29 sí 32. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè sún kúrò níbẹ̀ tó bá gbóná jù.

Ìyá náà, ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tó bá ń rìn gbirigbiri láìsinmi, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le, tí iṣan ń gbọ̀n, kálísíọ́mù ti tán lára rẹ̀. Gìrì ló tẹ̀lé e, ikú ló sì tẹ̀lé gìrì. Ẹ kó ọmọ kúrò lọ́mú, ẹ gbé e lọ bá dókítà kíákíá, kó fi kálísíọ́mù sínú iṣan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó sì máa gbọ́ ọkàn rẹ̀. Abo kékeré bíi Lhasa tó ń fún ọmọ púpọ̀ lọ́mú ló wà nínú ewu jù.

Ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún tó ń rùn lójú ara, òùngbẹ tí kò dáwọ́ dúró, èébì, àìjẹun: ìwọ̀nyí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dúró wò. Wọ́n lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ lẹ́yìn hííti, kódà tí kò bá lóyún rárá.

Àwọn ọmọ náà ńkọ́?

Ẹ máa fún wọn ní oògùn aràn láti ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ sọ fún dókítà pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló bí wọn, kó lè fara balẹ̀ gbọ́ ọkàn, kó wo ojú, kó wá ẹpọ̀n méjèèjì.

Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n lè jẹ́ ajá ilé tó dára, ṣùgbọ́n wọn kò yẹ ní ajá ìbísìn. Àwọn kan á sọ pé tí wọ́n bá fi akọ tí kò bá a tan gun irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òǹkà ẹ̀jẹ̀ á padà sí òdo. Òótọ́ ni, lórí ìwé. Àbùdá burúkú kò bá òǹkà lọ. Ó kàn padà sí ipò AS, ó ń dúró de ẹni tó máa bá pàdé.

Kó má tún ṣẹlẹ̀

Ẹ ya akọ àti abo tó jẹ́ ọmọ ìyá láti oṣù kẹrin, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀. Ògiri méjì ló yẹ kó wà láàárín wọn lásìkò hííti: kéèjì, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń gun ara wọn láàárín irin géètì. Pámpásì ajá wà fún ẹ̀jẹ̀ kó má baà dọ̀tí ilẹ̀. Kì í dá akọ dúró. Ṣéènì lára abo burú ju kéèjì lọ, torí pé kò lè sá.

Tí ẹ bá ń ra ajá tí ẹ fẹ́ fi sìn, ẹ béèrè bàbá, ẹ béèrè ìyá, ẹ wo fọ́tò àwọn méjèèjì, kí ẹ sì wá akọ yín láti ìlú mìíràn tí gbogbo ajá ìtòsí bá ní bàbá kan náà. Tí ẹ kò bá ní sìn wọ́n, ẹ yọ ilé ọmọ abo, ẹ tẹ akọ lọ́dàá. Kí ẹ sì ṣì yà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, torí pé àtọ̀ tó ti wà ní ọ̀nà kò tíì tán.